Ọgbà Ni Ó Wí, Ọgbà Ni Wọ́n Mọ

2 (ìyókù)

…tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ìyá àgbà ti ilé ìwòsàn dé lọ́sàn-án, tòun ti àpò òògùn ọkọ rẹ̀ ní abíyá, ògiri ló bá ní ẹ̀yìnkùlé.

Ògiri búlọ́ọ̀kù. Ó ga ju orí bíríkìlà tó dúró tì í lọ, bíríkìlà náà kì í sì í ṣe ènìyàn kúkúrú.

Ìyá àgbà wo ògiri. Ó wo bíríkìlà. Ó tún wo ògiri, bóyá yóò ti lọ.

Ìyá Aláriwo ni àdúgbò ń pè é, nítorí pé bí ó bá kí ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ẹni tó wà ní òpópónà kejì ló máa ń dáhùn. Lọ́sàn-án yẹn, ohùn náà kò jáde.

3

Ohun tí wọ́n sọ, bí wọ́n ṣe sọ ọ́:

BÍRÍKÌLÀ: Ẹ káàbọ̀, mà. Mo ti parí rẹ̀.

ÌYÁ ÀGBÀ: Kí ni o parí?

BÍRÍKÌLÀ: Ọgbà.

ÌYÁ ÀGBÀ: Ọgbà wo?

BÍRÍKÌLÀ: Ọgbà tí ẹ ní kí n ṣe. Ẹ ní, "Ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn kí àga onítáyà lè gba ibẹ̀, lẹ́yìn náà kí o bá mi ṣe ọgbà síbẹ̀." Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nìyẹn. Ọgbà nìyí. Búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́kù níbi iṣẹ́ mìíràn ni mo fi ṣe é, torí ẹ ní nǹkan olówó ńlá kọ́ lẹ fẹ́.

ÌYÁ ÀGBÀ: Ọgbà òdòdó ni mo wí.

BÍRÍKÌLÀ: Ẹ ò dárúkọ òdòdó, mà.

ÌYÁ ÀGBÀ: Ọgbà tí ènìyàn ń jókòó sí. Tí atẹ́gùn ń fẹ́ síni lára.

BÍRÍKÌLÀ: Mà, bí ẹ bá pe bíríkìlà, tí ẹ ní ọgbà, kí ló máa wá sí i lọ́kàn?

ÌYÁ ÀGBÀ: Ògiri.

BÍRÍKÌLÀ: Ẹ ṣeun, mà.

ÌYÁ ÀGBÀ: Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Bu omi wá fún mi.

4

Ọkọ rẹ̀ wa ọkọ̀ akẹ́rù títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Ọkùnrin tí kì í lè jókòó sójú kan kí oúnjẹ tán nínú àwo. Lẹ́yìn náà ni rọpárọsẹ̀ dé, ó gbé apá òsì lọ. Ọwọ́ ọ̀tún ṣẹ́kù. Ẹnu ṣẹ́kù. Agídí pọ̀ sí i.

Láti ìgbà náà, yàrá ni. Ibùsùn, fèrèsé, ibùsùn.

Egbò ti ń yọ lẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n ní kí ó máa jókòó síwájú ilé. Ó ní àwọn tó ń sá fún òun lójú títì kò ní wá máa wo òun nínú kẹ̀kẹ́ arọ.

"Àga onítáyà ni," ni ìyá àgbà wí.

"Kẹ̀kẹ́ arọ ni," ni ọkọ rẹ̀ wí, ó sì kọjú sí ògiri yàrá.

Ìdí nìyẹn tí ìyá àgbà fi ro ti ẹ̀yìnkùlé. Kò sí nǹkan níbẹ̀ ju okùn ìsáṣọ, koríko àti pàǹtí lọ. Ṣùgbọ́n oòrùn àárọ̀ ń dé ibẹ̀, ó sì jìnnà sí ojú títì.

5

Ohùn tí ọmọ rẹ̀ obìnrin fi ránṣẹ́ sórí fóònù láti ìlú tó ń gbé. Ìyá àgbà gbọ́ ọ, ó tún un gbọ́:

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò bá yín jà. Nọ́ọ̀sì ti pè mí. Ó ní egbò yẹn ń jinlẹ̀, pé àfi kí Bàbá kúrò lórí ibùsùn, kí wọ́n máa jókòó níta, kí afẹ́fẹ́ kàn wọ́n. Mo ti bá ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tó wà lọ́dọ̀ wa sọ̀rọ̀. Àyè wà. Mò ń bọ̀ láìpẹ́. Bí mo bá bá Bàbá níta, màá jẹun, màá sì padà sílé mi. Bí mo bá bá wọn lórí ibùsùn, èmi àti wọn la jọ ń lọ. Ẹ má bínú, Màmá. Ó ti rẹ ẹ̀yin náà. Ó hàn nínú ohùn yín."

Ìyá àgbà gbé fóònù sílẹ̀.

"Ohùn mi," ni ó sọ fún ìkòkò tó wà lórí iná. "Ohùn mi tí àwọn ajá ń sá fún."

6

"Ta ló ń gbá nǹkan láti àárọ̀?"

Ọkọ rẹ̀ ló béèrè. Ó ti pẹ́ tó ti béèrè ohunkóhun, yàtọ̀ sí omi.

Ìyá àgbà sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò fi nǹkan kan pamọ́, títí kan ibi tó ti hàn pé àgbàlagbà lè gbọ́n tán kó má mọ iṣẹ́ rán.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ló rẹ́rìn-ín, èkejì ń wòran.

"Ó ga tó ibo?"

"Ó ga ju orí bíríkìlà lọ."

"Ẹni tó ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá kò lè rí inú?"

"Àfi tó bá gun igi."

Ó ń wo àjà.

"Má wó o. Bí ọgbà yẹn bá wà níbẹ̀, mo lè jáde."

"Ẹ máa jáde?"

"Mo ní mo lè. Má pariwo."

7

Ìwé pélébé tí wọ́n fi wé òkúta, tí wọ́n jù kọjá ògiri. Inú abọ́ ìfọṣọ ló bọ́ sí. Ìyá àgbà sá a kó tó kà á.

*Ìyá Aláriwo,*

*Mo jí, mo gbójú sókè láti kí yín bí mo ṣe máa ń kí yín, ìkíni mi sì forí sọ búlọ́ọ̀kù. Bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ wí. Bí ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ mi bá ni, ẹ̀yin kọ́ ló yẹ kó máa sọ̀rọ̀ ariwo.*

*Orúnkún mi kò lè yí gbogbo òpópónà po kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Kí ẹ yáa wá ẹlòmíràn tó máa bá yín di ẹsẹ̀ ọkọ yín mú.*

*Èmi ni,*
*Aránṣọ*

Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Aránṣọ ló kọjú sí tiwọn. Abẹ́ òrùlé ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ló ti ń ránṣọ. Láràárọ̀ ni ó máa ń gba àárín koríko wá. Ìyá àgbà á di abíyá ọkọ rẹ̀ mú, Ìyá Aránṣọ á di ẹsẹ̀, wọ́n á gbé e, wọ́n á nù ún, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ, wọ́n á sì máa bú ara wọn títí iṣẹ́ á fi parí.

Kò wá ní ọjọ́ yẹn.

8

Ohun tó jẹ́, àti ohun tó dà. Kò sí èyí tí wọ́n rà níbẹ̀.

Pákó tí àwọn ilé ìtajà fi ń to ẹrù, tí wọ́n jù sẹ́yìn → bẹ́ńṣì. Ó ń mì díẹ̀. Ẹni tó bá sanra kó jókòó sí àárín.

Ike ọ̀dà → ìkòkò òdòdó. Ènìyàn gbọ́dọ̀ dá ihò sí ìdí wọn kí omi lè jáde. Ìyá àgbà gbàgbé ọ̀kan. Òdòdó inú ìyẹn mumi yó, ó sì kú.

Táyà ọkọ̀ akẹ́rù → ilé tòmátì. Iyẹ̀pẹ̀ dúdú nísàlẹ̀, ìdọ̀tí adìẹ láàárín, iyẹ̀pẹ̀ lókè. Ọwọ́ ni ìyá àgbà fi pò ó. Nọ́ọ̀sì tó wá wo egbò lọ́sàn-án kò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Àfọ́kù táìsì, oríṣiríṣi àwọ̀ → ilẹ̀, láti ìdí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dé ìdí bẹ́ńṣì. Ó fi ẹsẹ̀ lásán wá ibi tó bá yọ gọngọ, kí àga má bàa fò.

Tàpólì tí ọkọ rẹ̀ fi ń bo ẹrù nígbà ayé iṣẹ́ → ìbòòrùn. Ihò wà lára rẹ̀. Oòrùn ń gba ibẹ̀ wọlé, ó ń sọ ilẹ̀ di alámì tóótòòtó.

Bẹ́ẹ̀dì onírin àkọ́kọ́ tí wọ́n ní nílé ọkọ → ó gbé e nàró ti ògiri kí ewéko lè máa fà gùn ún. Ṣé ó máa lè gbé ewé? Ẹ má bi mí. Bẹ́ẹ̀dì yẹn ti gbé ohun tó wúwo ju ewé lọ, tó sì ń sáré.

9

Mi ò rí 9 mọ́. Nǹkan nípa òjò ni.

10

Ẹ̀yìn mi — ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀yìn ìyá àgbà ni mo fẹ́ wí — ń dùn ún.

11

Òun nìkan ló gbé ọkọ rẹ̀ sínú àga. Ó gbé e bí ẹni ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì tó ń sọ̀rọ̀.

"Ẹsẹ̀ mi há."

"Mo rí i."

"Ò ń fà mí láṣọ ya."

"Ẹni tó ń rán an ń bínú sí wa, ẹ má jẹ́ kó ya."

Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ìyá àgbà mí. Ó ṣí ilẹ̀kùn.

Òdòdó wà. Bẹ́ńṣì wà. Tòmátì ti ń yọ ewé. Ṣùgbọ́n ooru kò ṣeé fẹnu sọ. Ògiri ti dí atẹ́gùn. Oòrùn wọlé, kò rọ́nà jáde, ó jókòó sáàárín bí àlejò tí kò fẹ́ lọ. Kò sí ohùn ẹnikẹ́ni. Kò sí nǹkan tí ojú lè bá rìn ju búlọ́ọ̀kù lọ.

Ọkọ rẹ̀ wò ó.

"Ọgbà ni lóòótọ́."

"Ó dára, àbí?"

"Ọgbà ẹ̀wọ̀n."

Ìyá àgbà yí àga padà.

12

▭▭▭▭▭▭▭▭▭
▭▭▭▭▭▭▭▭▭
▭▭▭▭▭▭▭▭▭
▭▭▭▭▭▭▭▭▭
▭▭▭▭▭▭▭▭▭
▭▭▭▭▭▭▭▭▭

Apá ibí: òdòdó, ìyá àgbà, ẹ̀yìn dídùn.

Apá ọ̀hún: ẹ̀rọ ìránṣọ. Kò dún.

13

Ohun tí wọ́n sọ, láìrí ara wọn. Fèrèsé yàrá wà ní ṣíṣí.

ÌYÁ ÀGBÀ: Ìyá Aránṣọ.

(Kò sí èsì.)

ÌYÁ ÀGBÀ: Mo mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Mò ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń mí.

ÌYÁ ARÁNṢỌ: Ọgbà lè máa mí.

ÌYÁ ÀGBÀ: Àṣìṣe ni. Ọgbà òdòdó ni mo wí, bíríkìlà gbọ́ ọgbà.

ÌYÁ ARÁNṢỌ: Ọgbà ni ẹ wí, ọgbà náà ló gbọ́. Èwo ni àṣìṣe níbẹ̀?

ÌYÁ ÀGBÀ: Ẹ má jẹ́ kó tún rẹ̀ mí.

ÌYÁ ARÁNṢỌ: Tó bá jẹ́ àṣìṣe, kí ló dé tí ẹ ò wó o?

ÌYÁ ÀGBÀ: Ọkọ mi ló ní kí n má wó o.

ÌYÁ ARÁNṢỌ: Wọn ò fẹ́ rí mi?

ÌYÁ ÀGBÀ: Wọn ò fẹ́ kí ẹ rí àwọn. Kí ẹnikẹ́ni rí wọn. Ojú ń tì wọ́n.

ÌYÁ ARÁNṢỌ: Èmi tí mo ń fa ṣòkòtò wọ̀ wọ́n láràárọ̀? Kí ló kù tí mi ò tíì rí? Mo lè ya àwòrán rẹ̀ sórí aṣọ.

ÌYÁ ÀGBÀ: Ìyá Aránṣọ.

ÌYÁ ARÁNṢỌ: Mo lè gé e láìwọ̀n ọ́n.

(Láti inú fèrèsé, ìró kan. Ó kọ́kọ́ dà bí ikọ́. Kì í ṣe ikọ́.)

ÌYÁ ARÁNṢỌ: Ta nìyẹn?

ÌYÁ ÀGBÀ: Bàbá ni. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

ÌYÁ ARÁNṢỌ: (pẹ̀lẹ́) Ó ti pẹ́.

ÌYÁ ÀGBÀ: Ó ti pẹ́.

14

"Kò ṣeé wó," ni ọkọ rẹ̀ wí nígbà tí ìyá àgbà gbé oúnjẹ wá. "Kò ṣeé fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà. Ní kí bíríkìlà rẹ padà wá. Kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀."

"Dé ibo?"

"Ibi tí ènìyàn á ti rí mi lójú, tí kò ní rí mi lẹ́sẹ̀."

Ìyá àgbà dúró, àwo lọ́wọ́. Wo ẹni tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí, tó wá mọ bó ṣe yẹ kí ògiri ga tó.

"Ẹ̀yin lẹ máa jókòó nínú àga náà kó fi wọ̀n ọ́n."

"Rárá. Ìwọ ni kó jókòó. Mi ò jáde títí yóò fi tó."

15

Ìyá àgbà jókòó nínú àga onítáyà ní orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti dúró de bíríkìlà. Ó fẹ́ mọ bó ṣe rí. Àga náà kò bi í léèrè. Ó sọ̀ kalẹ̀, òun àti ìyá àgbà, ó gba orí àfọ́kù táìsì, ó yà kúrò lọ́nà, ó sì dà á sínú táyà tòmátì. Ìdí rẹ̀ wọlé. Kò jáde mọ́.

"Kí nìyẹn?" Ohùn Ìyá Aránṣọ, láti apá ọ̀hún.

"Èmi ni."

"Kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń gbin ara mi."

Bíríkìlà bá a níbẹ̀. Ó fà á lọ́wọ́, kò yọ. Ó fà á ní abíyá, ó yọ, tòun ti igi tòmátì méjì tó ti rún mọ́ ọn nídìí. Bíríkìlà kò rẹ́rìn-ín. Ó bojú wo òkè, ó ń gbọ̀n.

"Rẹ́rìn-ín," ni ìyá àgbà wí. "Tó bá há sí ọ níkùn, mi ò ní owó ilé ìwòsàn fún ẹni méjì."

16

Iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá àgbà nínú àga, lábẹ́ tàpólì. Ìyá Aránṣọ nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Bíríkìlà láàárín, òòlù lọ́wọ́. Ọkọ ní ojú fèrèsé, lórí ibùsùn, ó ń pàṣẹ.

BÍRÍKÌLÀ: Mà, ṣé ọgbà ti àkọ́kọ́ la ń ṣe ni, àbí ọgbà kejì?

ÌYÁ ÀGBÀ: Má bi mí ní nǹkan tó ní ọgbà nínú.

(Bíríkìlà yọ ìlà búlọ́ọ̀kù kan.)

BÍRÍKÌLÀ: Ẹ ti rí ara yín?

ÌYÁ ÀGBÀ: Mo rí òrùlé rẹ̀.

(Ó yọ òmíràn.)

ÌYÁ ARÁNṢỌ: Mo rí gèlè kan. Ta ló wé e báyìí fún yín?

ÌYÁ ÀGBÀ: Èmi ni mo wé e.

ÌYÁ ARÁNṢỌ: Ó hàn.

(Òmíràn. Atẹ́gùn wọlé. Tàpólì gbé ara sókè, ó tún bà.)

ỌKỌ: Kí lẹ rí?

ÌYÁ ÀGBÀ: Ojú rẹ̀. Ó ti rù.

ÌYÁ ARÁNṢỌ: Ẹ̀yin náà ti rù. Kí ló dé tí ẹ rù tó báyìí?

ÌYÁ ÀGBÀ: Mò ń dá a gbé.

(Ìyá Aránṣọ gbé aṣọ tó ń rán sílẹ̀.)

ỌKỌ: Ṣé ó rí ẹsẹ̀ rẹ?

ÌYÁ ARÁNṢỌ: Mi ò rí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ojú nìkan.

ỌKỌ: Bíríkìlà. Dúró síbẹ̀.

17



▭▭▭▭▭▭▭▭▭
▭▭▭▭▭▭▭▭▭
▭▭▭▭▭▭▭▭▭

Àwọn búlọ́ọ̀kù tó yọ: bíríkìlà tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi pákó lé wọn. Tábìlì. Ó ní iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni, pé kí wọ́n ṣáà má sọ orúkọ rẹ̀ ní àdúgbò.

18

"Màmá, mo ti wọkọ̀ o. Ọkọ̀ tí Bàbá lè dùbúlẹ̀ sí ni mo gbà wá. Ẹ bá mi di aṣọ wọn sílẹ̀ díẹ̀, kó má bàa pẹ́ wa. Ẹ má sunkún."

19

Ìyá àgbà di aṣọ. Ṣòkòtò, ẹ̀wù, fìlà. Ó tú wọn. Ó tún wọn dì.

20

Ìyá Aránṣọ ló gba ojú òpópónà wá ní àárọ̀ yẹn. Ó yí gbogbo rẹ̀ po. Wọ́n gbọ́ ohùn orúnkún rẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ mú, ìyá àgbà di abíyá mú, wọ́n sì gbé e sínú àga. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó padà lọ sílé rẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ní àwọn oníbàárà ń dúró de òun. Kò sí oníbàárà kankan. Ó jókòó nídìí ẹ̀rọ, ó ń ránṣọ, kò gbójú sókè.

Ìyá àgbà ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Táyà iwájú àga wà ní orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ti ẹ̀yìn ṣì wà nínú ilé.

Atẹ́gùn fẹ́ sí ọkọ rẹ̀ lójú. Ó di ojú. Ó tún un là. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ di igi ẹnu ọ̀nà mú gírígírí.

"Ẹ ṣe tán?"

Ó ń wo ọ̀nà ẹ̀yìn.

Ẹnìkan ń bọ̀ lójú ọ̀nà ẹ̀yìn, ó gbé garawa lórí. Ó rí wọn. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà," ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Ọwọ́ náà kò tíì kúrò lára igi ẹnu ọ̀nà.

Níwájú ilé, ọkọ̀ kan dúró. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí. Ó padé.

"Òun nìyẹn," ni ìyá àgbà wí. Ohùn rẹ̀ kéré tó fi jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò dá a mọ̀.

Ọwọ́ ọ̀tún kúrò lára igi ẹnu ọ̀nà. Ó sọ̀ kalẹ̀ sórí táyà àga.

"Fi í sílẹ̀," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Èmi ló máa tì í."

"Ọwọ́ kan ni ẹ ní. Ó máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́."

"Mo mọ̀."

Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn iwájú. Màmá. Màmá, ṣé ẹ wà ńlé?

Ìyá àgbà yọ ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ kúrò lẹ́yìn àga.

Ó fi tòsì sílẹ̀ níbẹ̀, ó fi bá ọkọ rẹ̀ tì í.